Fẹlá àti ìdílé Kuti: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ṣáá ní Abẹ́òkúta, àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ni ṣáá. Bí àwọn ará Èkó bá bi wá tán, àwọn tó ń gba Ìbàdàn bọ̀ á tún bi wá, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orin Fẹlá náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, látorí èyí tó rọrùn dórí èyí tó máa ń dá ariwo sílẹ̀. Mo fẹ́ràn Fẹlá, mo fẹ́ràn ìdílé yẹn látòkèdélẹ̀, àmọ́ ìfẹ́ ò ní ká máa parọ́ mọ́ èèyàn.

Ṣé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá sí lóòótọ́, àbí Èkó?

Abẹ́òkúta ni o. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí i, Olúfẹlá Olúṣẹ́gun Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ni wọ́n sọ ọ́. Níbí ló dàgbà sí, Abẹ́òkúta Grammar School níbí náà ló ti kàwé. Èkó ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, a ò jiyàn ìyẹn, àmọ́ ọmọ Ẹ̀gbá ni, ọmọ Lísàbí, kẹ́nikẹ́ni má fi dù wá.

Ta ni bàbá ẹ̀? Àwọn mélòó ni wọ́n bí nílé yẹn?

Bàbá ni Reverend Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà. Àwọn ni ọ̀gá Grammar School láti 1932 títí di 1954, àwọn náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, ní nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Wọn ò gba ìgbàkugbà rárá, pàṣán wọn kì í sì í jìnnà, Fẹlá fúnra ẹ̀ sọ ọ́ títí tó fi kú pé bàbá àti ìyá òun nà òun dáadáa. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí bàbá kú ní 1955.

Àwọn mẹ́rin ló dàgbà. Àǹtí Dolupo ni àkọ́bí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Olikoye tẹ̀ lé wọn, dókítà àwọn ọmọdé, àwọn ni wọ́n ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ẹ̀yin tí wọ́n gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà yẹn, wọ́n wà lára ẹni tẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Fẹlá ló kàn. Àbíkẹ́yìn ni Beko, dókítà lòun náà, àmọ́ ìjà ẹ̀tọ́ aráàlú lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n.

Ṣé Fẹlá lẹni àkọ́kọ́ tó kọrin nínú ìdílé yẹn ni?

Rárá o, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù láti dáhùn. Bàbá bàbá ẹ̀, Reverend Josiah Jesse Ransome-Kuti tí wọ́n bí ní 1855, olórin gidi ni wọ́n. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ò gbádùn orin ìsìn òyìnbó tí wọ́n kàn túmọ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Yorùbá gbé orin Jésù kalẹ̀, tí dùùrù àti ìlù á jọ máa ròyìn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù gba ohùn wọn sílẹ̀, orin tí wọ́n kọ níbẹ̀ lé ní ogójì. Ẹ rò ó wò, 1922! Ọmọ-ọmọ wọn tó máa gbé sasofóònù ò tíì dé ayé rárá.

Orin Ẹ̀gbá tá a máa ń dìde dúró kọ níbi ayẹyẹ, ọwọ́ bàbá yìí náà la gbà pé ó ti wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé Fẹlá ya ìdílé ẹ̀ sílẹ̀ nípa orin, kó tún wádìí ẹ̀ wò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá àgbà kọ tiwọn sí Ọlọ́run, Fẹlá kọ tiẹ̀ sí ìjọba.

Kí ni mo lè rí ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ tiwọn?

Ilé ìdílé Kuti ní Ìsàbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti tún un ṣe, ó ti di mùsíọ̀mù. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ̀nà Aké, ẹ rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's tí bàbá àgbà ti ṣe pásítọ̀, ẹ sì rí ààfin Aláké níbi tí àwọn ìyá wa lọ jókòó sí láyé ijọ́un (màá sọ ìyẹn nísàlẹ̀). Grammar School wà ní Ìdí-Àbà. Ẹni tó bá sọ pé òun wá sí Abẹ́òkúta nítorí Fẹlá, tó gun Olúmọ nìkan, tó ra àdìrẹ ní Ìtòkú, tó wá padà sílé, kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Ṣé Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí?

Rárá, Ìkẹjà ni, níwájú ilé ẹ̀ ní Gbemisola Street. Ilé yẹn ló di Kalakuta Museum, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2012, ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an. Ó máa ń dun àwọn àgbà kan níbí pé kò sùn sílé, èmi ò bínú sí i, Èkó ló gbé, Èkó ló ti jìyà, Èkó náà ló tú síta láti sin ín.

Màmá ẹ̀ ló wà níbí. Abẹ́òkúta ni wọ́n sin wọ́n sí ní 1978, ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ wọn, àwọn ọlọ́jà sì ti ìsọ̀ wọn nítorí ìyẹn káàkiri ìlú.

Ṣé lóòótọ́ ni pé màmá Fẹlá lobìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà?

Wọ́n wa mọ́tò, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ohun táwọn èèyàn sì ń sọ láti ìran dé ìran nìyẹn. Àmọ́ ó máa ń ká mi lára tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900, àwọn lọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Grammar School. Àwọn ni wọ́n kó àwọn obìnrin tó kàwé àti àwọn ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá yẹn níwèé, tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀. Rọ́ṣíà fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ àlàáfíà tí wọ́n fi orúkọ Lenin pè ní 1970. Ní 1957 ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà wọn ṣe, torí wọ́n ń bá àwọn ìlú kọ́múníìsì ṣe wọléwọ̀de.

Mọ́tò wá ńkọ́? Mọ́tò kéré.

Wọ́n ní màmá yẹn ló lé Aláké kúrò lórí oyè. Ṣé òótọ́ ni?

Àwọn nìkan kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin Ẹ̀gbá ni, àmọ́ àwọn ló ṣáájú. Owó orí ló fà á. Ìjọba òyìnbó ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀, láìjẹ́ pé obìnrin kankan wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin, Aláké Adémọ́lá Kejì ló sì ń bá wọn gbà á. Láti 1947 làwọn obìnrin ti ń lọ jókòó síwájú ààfin, wọ́n ń sùn síbẹ̀, wọ́n ń fi orin bú ọba, orin tí mi ò lè kọ síbí torí àwọn ọmọdé.

Ní oṣù kìíní 1949 Kábíyèsí fi orí oyè sílẹ̀, wọ́n sì fagi lé owó orí obìnrin. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Kábíyèsí padà wá sórí oyè ní ìparí 1950, ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń gé ìtàn náà kù nìyẹn. Fẹlá jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́wàá nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bi mí pé ibo ló ti rí àyà tó fi ń pe olórí ìjọba lórúkọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ wo inú ilé tó ti jáde.

Báwo ni Wọlé Ṣóyínká ṣe jẹ́ sí i?

Ẹbí ni wọ́n lóòótọ́, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Màmá Ṣóyínká jẹ́ ọmọ-ọmọ Reverend J. J. Ransome-Kuti, Fẹlá náà jẹ́ ọmọ-ọmọ bàbá yẹn. Torí náà màmá Ṣóyínká àti Fẹlá lọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣóyínká fi ọdún mẹ́rin ju Fẹlá lọ. Aké ni Ṣóyínká dàgbà sí, ó mọ ilé wọn bí ẹni mọ ilé bàbá ẹ̀, ó sì kọ nípa wọn dáadáa.

Kí ni ìtàn pé Fẹlá ti wá sáyé rí tó padà lọ?

Fẹlá fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ́kọ́ bí òun ní 1935, bàbá òun wá ní kí òyìnbó míṣọ́nárì kan, ará Jámánì, sọ ọmọ lórúkọ, òyìnbó yẹn sọ ọ́ ní Hildegart. Ó ní òun ò lè jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, òun kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun wá padà wá ní 1938 kí wọ́n lè fún òun lórúkọ tó yẹ òun.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní yé? Àbíkú tó bínú sí orúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, á mọ ìdí tí a fi ń pè é ní Abàmì Ẹ̀dá.

Ṣé lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ dókítà ni wọ́n rán an lọ kà?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọkùnrin tó kù nílé yẹn, dókítà làwọn méjèèjì, kí ló tún kù. Ní 1958 ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó débẹ̀ ló gba Trinity College of Music lọ. Fèrè tírúḿpẹ̀ẹ̀tì ló ń fọn nígbà yẹn, sasofóònù dé lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti dá Koola Lobitos sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Taylor, ìyá Yẹni, Fẹ́mi àti Ṣọlá. Ó padà sílé ní 1963. Mádé ọmọ Fẹ́mi náà padà lọ sí Trinity yẹn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn máa ń wú mi lórí.

Ṣé olórin rọ́ọ̀kì ni Fẹlá? Kí ló dé tí orúkọ ẹ̀ ń wọ àárín wọn?

Áfróbíìtì ni, òun àti onílù ẹ̀ Tony Allen ni wọ́n fi háílàìfù, jáàsì, fọ́ńkì àti ìlù ilé wa pò ó títí tó fi di nǹkan. Àmọ́ àwọn onírọ́ọ̀kì gan-an ló ń wá a wá. Ginger Baker, onílù báńdì Cream, ọ̀kan nínú àwọn onílù rọ́ọ̀kì tí orúkọ wọn tóbi jù nílùú òyìnbó, wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, ó lù pẹ̀lú báńdì Fẹlá, àwo tí wọ́n jọ ṣe jáde ní 1971, ó sì tún kọ́ sítúdíò sí Èkó. James Brown náà wá sílé wa ní 1970, àwọn ọmọ báńdì ẹ̀ lọ wo Fẹlá níbi tó ti ń ṣeré, Tony Allen sì sọ títí tó fi kú pé wọ́n ń kọ ohun tí òun ń lù sílẹ̀.

Ní 2021 wọ́n fi orúkọ Fẹlá sára àwọn tí wọ́n fẹ́ mú wọ Rock and Roll Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn olórin ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la dìbò, láti Sápọn dé Ìbarà kò sẹ́ni tí kò mú fóònù, Nàìjíríà gbé e dé ipò kejì nínú ìbò àwọn fáànù, Tina Turner nìkan ló wà níwájú. Síbẹ̀ wọn ò mú un. Wọ́n tún fi orúkọ ẹ̀ sí i ní 2022, wọn ò tún mú un. Ó dùn wá gidi gan-an, èmi ò fi bò. Grammy ló padà ṣe ohun tó yẹ: wọ́n mú Zombie wọ Hall of Fame tiwọn ní 2025, ní 2026 wọ́n fún òun fúnra ẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí ayé, ọmọ Áfríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Paul McCartney?

1973 ni. McCartney tó ti wà nínú Beatles wá sí Èkó wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Fẹlá sọ ọ́ ní gbangba pé orin àwa aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Nígbà tí wọ́n ríra, McCartney gbé orin tó ti ṣe sílẹ̀ fún un kó gbọ́ ọ, Fẹlá gbọ́ ọ, ó rí i pé kò jọ tòun, ọ̀rọ̀ parí. McCartney náà ti sọ pé nígbà tí òun lọ sí Shrine, ibi tí Fẹlá ti ń ṣeré ní Èkó, tí òun gbọ́ báńdì yẹn, ẹkún ni òun sun, ó dùn débi pé òun ò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú òun.

Ti àwọn olè tó dá a lọ́nà ní Èkó nígbà yẹn kan náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti Fẹlá.

Kí ló dé tó jẹ́ pé pátá nìkan ló máa ń wà lọ́rùn ẹ̀ nínú fọ́tò?

Ilé ẹ̀ ló wà! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbàlejò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá àwọn oníròyìn lóhùn, ẹni tó bá fẹ́ kó wọ kóòtù kó lọ síbòmíì. Àmọ́ tó bá fẹ́ lọ sórí pèpéle, ẹ wo ṣòkòtò àti ẹ̀wù tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára, tó bá ara mu látòkè dé bàtà, ẹ máa rí i pé kò sẹ́ni tó mọ aṣọ wọ̀ tó o.

Àwọn òbí mi ní amugbó ni gbogbo ẹni tó fẹ́ràn Fẹlá. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má bá wọn jà. Fẹlá mugbó, kò fi pa mọ́ rí, ọlọ́pàá mú un nítorí ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà látorí 1974, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tún gbé e ní 1997, ọdún tó kú. Ìyẹn ò ní ká sọ pé igbó ló kọ orin. Ẹni tó ń kọ orin tí gbogbo fèrè, gìtá àti ìlù inú ẹ̀ mọ ibi tí wọ́n máa wọlé, tó ń gbé báńdì tó lé ní ogún èèyàn dání, tó ń fi wákàtí gidi ṣe ìdánrawò, òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ tún sọ fún wọn pé tó bá ti gba orin kan sí rẹ́kọ́ọ̀dù tán, kì í tún kọ ọ́ lójú agbo mọ́, tuntun ló ń kọ. Olórin mélòó ló lè dán ìyẹn wò?

Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ ò yọ ọ́. Ṣé wọ́n ń bára wọn jà ni?

Ìjà kankan ò sí níbẹ̀. Àárín 1970 sí 1979 ló yọ ọ́, ó ní orúkọ ẹrú ni, ó wá ń jẹ́ Aníkúlápó. Màmá ẹ̀ bá a jẹ́ ẹ, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Olikoye àti Beko di orúkọ bàbá wọn mú, ìyẹn náà ò burú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ọjọ́ tí wáhálà dé ni kẹ́ ẹ wò. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà dáná sun Kalakuta, ilé tí Fẹlá ń gbé ní Èkó ní 1977 (màá sọ ìyẹn nísàlẹ̀), kílíníìkì Beko wà níbẹ̀, ó jóná pẹ̀lú, wọ́n sì lu Beko náà ṣe léṣe. Beko ò tìtorí ìyẹn sá fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Òun náà padà di ẹni tí ìjọba ológun ń lé kiri, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un ní 1995, ìgbà tí Abacha kú ní 1998 ló tó jáde. Ó kú ní oṣù kejì 2006.

Ṣé òun àti Ọbásanjọ́ jọ lọ sílé-ìwé kan náà? Ṣé Ọbásanjọ́ ló ní kí wọ́n sun ilé ẹ̀?

Wọn ò jọ lọ ilé-ìwé kan náà. Baptist Boys' High School ni Ọbásanjọ́ lọ, Grammar School ni Fẹlá lọ, Abẹ́òkúta níbí làwọn méjèèjì wà ṣá. Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nìyẹn, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, ẹ dé Òkè-Mọ̀sán ẹ máa rí láíbìrì Ọbásanjọ́, ẹ dé Ìsàbò ẹ máa rí ilé Kuti.

Ohun tó wà ní àkọsílẹ̀ ni mo lè sọ. Orin Zombie tó fi bú àwọn ṣọ́jà ti jáde ní 1976, ó dé ẹnu gbogbo èèyàn, àwọn ọmọdé ń fi yẹ̀yẹ́ ṣọ́jà lójú títì. Nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìjọba ṣe ní Èkó ní 1977, Fẹlá kọ̀ láti bá ìjọba ṣe é, àwọn àlejò láti òkè òkun wá ń rọ́ lọ sí Shrine. Ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí FESTAC parí, àwọn ṣọ́jà bí ẹgbẹ̀rún kan ya wọ Kalakuta ní 14 Agége Motor Road. Wọ́n lu Fẹlá títí, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, wọ́n ju màmá láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gba ojú wíńdò, wọ́n wá dáná sun ilé. Màmá ò gbádùn mọ́ látọjọ́ yẹn, wọ́n kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Ọbásanjọ́ ni olórí ìjọba nígbà náà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde ní ṣọ́jà tí wọn ò mọ̀ ló ṣe é, Fẹlá pẹjọ́, kò rí nǹkan kan gbà. Ó gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ilé ìjọba, ní 1979.

Kò sí ìwé kan tó sọ pé Ọbásanjọ́ fẹnu ara ẹ̀ pàṣẹ, torí náà mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹnì kan tó jìyà ẹ̀, ìjọba ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ẹni ọdún 77 tó bá gbogbo obìnrin ìlú yìí jà. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, á sì máa dùn mí.

Ó fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Báwo lẹ ṣe lè máa gbóríyìn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ 20 oṣù kejì 1978 ni, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n sun ilé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe ẹni tó ṣà ládúgbò, àwọn oníjó àti akọrin inú báńdì ni wọ́n, àwọn tí ṣọ́jà fìyà jẹ lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo ayé wá ń pè ní aṣẹ́wó, tí wọ́n ń ní ó jí wọn gbé ni. Ó fẹ́ wọn kí wọ́n lè ní orúkọ. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n ní 1986, ẹ̀wọ̀n tí ìjọba Buhari jù ú sí nítorí owó ilẹ̀ òkèèrè, ó tú ìgbéyàwó náà ká, ó ní ọkùnrin kì í ni ara obìnrin.

Àmọ́ èmi ò ní fi ìyẹn bo gbogbo ẹ̀. Ó na àwọn obìnrin nínú ilé yẹn, ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ó kọrin tó fi ń bẹnu àtẹ́ lu obìnrin tó ní òun bá ọkùnrin dọ́gba, òun ọmọ Fúnmiláyọ̀! Mo ń gbọ́ àwọn orin yẹn, ìlù wọn dùn, ọ̀rọ̀ inú wọn ò dùn mọ́ mi nínú. Àwọn obìnrin yẹn ló ń gbe orin ẹ̀, wọ́n jó, wọ́n wọ àtìmọ́lé pẹ̀lú ẹ̀, ìwọ̀nba fáànù ló sì lè dárúkọ ẹyọ mẹ́ta nínú wọn. Ẹ kọ́ orúkọ wọn.

Nínú àwọn ọmọ ẹ̀, ta ni àrólé?

Ìbéèrè yìí ti da ọ̀rẹ́ rú ní Pansẹ́kẹ́. Fẹ́mi ló kọ́kọ́ bá bàbá ẹ̀ ṣeré, òun ló dúró fún un ṣaájú báńdì nígbà tó wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí Fẹ́mi wá lọ dá báńdì tiẹ̀, Positive Force, sílẹ̀ ní 1986, inú Fẹlá ò dùn rárá, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mélòó kan, Fẹ́mi ò fi ìyẹn pa mọ́, wọ́n padà rẹ́. Ṣeun tí wọ́n bí ní 1983 ti ń kọrin lórí pèpéle bàbá ẹ̀ láti kékeré, ọmọ ọdún 14 ló wà nígbà tí Fẹlá kú tó sì gba Egypt 80, báńdì bàbá ẹ̀, mọ́wọ́. Àǹtí Yẹni ló dá Felabration, ayẹyẹ tá a fi ń rántí Fẹlá lọ́dọọdún ní oṣù kẹwàá, sílẹ̀ ní 1998, àwọn àti Fẹ́mi ni wọ́n kọ́ New Afrika Shrine sí Agídíngbí. Mádé wá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá bi èmi, màá ní Àǹtí Yẹni. Fẹ́mi àti Ṣeun gbé orin dání, Àǹtí Yẹni ló gbé ilé dúró, tí kò bá sí wọn, oṣù kẹwàá á máa wá á máa lọ láìsí ẹni tó máa pe gbogbo wa jọ.

Kí ló pa Fẹlá gan-an? Ṣé kì í ṣe májèlé?

Àìsàn éèdì ló fa ọkàn rẹ̀ tó kọṣẹ́. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997 ló kú, ẹni ọdún 58, ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye pe àwọn oníròyìn, tí wọ́n sọ ọ́ láì bò ó. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń sọ pé ìjọba ló gún un lábẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n mú un, àhesọ yẹn ti pẹ́, ó sì rọrùn láti gbà á gbọ́ torí ohun tójú ẹ̀ rí lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ dókítà ni Olikoye, mínísítà tó ti ń kéde éèdì fún Nàìjíríà nígbà tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, kí ni wọ́n máa jèrè níbi kí wọ́n parọ́ mọ́ àbúrò wọn?

Fẹlá ò gba oògùn òyìnbó gbọ́, ó kọ̀ ọ́ títí dé òpin, ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ jẹ́ dókítà. Ọjọ́ tó kú yẹn ni ọjọ́ ìbí Beko, Beko sì wà lẹ́wọ̀n Abacha. Lóde ìlú wa, wọn kì í dárúkọ irú àìsàn yẹn nígbà yẹn, àwọn ẹbí á ní ibà ni, wọ́n á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á sáré sin ín. Olikoye dárúkọ ẹ̀ síbẹ̀, ní ti àbúrò tí gbogbo ayé mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ tó ń pe éèdì ní àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹ̀, tí kọ́ńdọ̀mù di nǹkan téèyàn lè dárúkọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ní kí n yọ ìdáhùn yìí kúrò torí orúkọ Fẹlá, mi ò ní yọ ọ́.